Ìyá Yongtae, Agbẹ̀bí Tí Kò Yé Béèrè Ìdí

Ọpẹ́ ni fún Ẹni tí ó hun ọmọ ní inú ìyá rẹ̀ kí ojú ènìyàn kankan tó rí i, tí ó sì mú Maeng Okdan wá sí ayé ní erékùṣù wa yìí ní àádọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn. A dúpẹ́ fún ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì. A dúpẹ́ pẹ̀lú fún ẹnu rẹ̀, tí kì í gbà láti dákẹ́ nígbà tí ohun kan bá rú u lójú. Bí gbogbo àwọn tí ó gbẹ̀bí wọn bá pinnu láti wá sí ilé ìjọsìn wa ní Ọjọ́ Ìsinmi kan náà, àwa yòókù yóò gbọ́ ìwàásù láti ìta.

Ìyá Yongtae ni a ń pè é. Kò mọ̀wé. Ọkọ rẹ̀ ń ṣe iyọ̀ ní oko iyọ̀ tí ó wà lẹ́yìn òkè, ìyá ọkọ rẹ̀ ni ó sì kọ́ ọ ní iṣẹ́ agbẹ̀bí: bí a ṣe ń fi àtẹ́lẹwọ́ wá orí ọmọ nínú ikùn, bí a ṣe ń gé ìwọ́, bí a ṣe ń se ọbẹ̀ ewé òkun àkọ́kọ́ tí abiyamọ yóò mu. Ohun kan ṣoṣo tí ìyá ọkọ náà kò fi kọ́ ọ ni ìbéèrè, nítorí òun fúnra rẹ̀ kì í béèrè. Wọ́n bí ìbéèrè mọ́ Okdan ni. Ó béèrè lọ́wọ́ àwọn apẹja ìdí tí omi òkun fi ń lọ tí ó sì ń bọ̀. Ó béèrè lọ́wọ́ ọkọ rẹ̀ ìdí tí iyọ̀ kì í fi í dì lọ́jọ́ kan náà ní gbogbo ojú oko. Ní ọdún tí ó ṣe ìrìbọmi, ó dá oníwàásù wa dúró ní ẹnu ọ̀nà ilé ìjọsìn, ó bi í léèrè bóyá ẹsẹ̀ Rákélì wú kí ó tó kú lórí ìbímọ ní ojú ọ̀nà Ẹfrata. Oníwàásù ní Ìwé Mímọ́ kò sọ ọ́.

Ó ní, “Agbẹ̀bí tí ó wà níbẹ̀ ìbá ti mọ̀. Wọn kò bi í ni.”

Kì í ṣe àwàdà ni ìbéèrè náà. Nígbà tí ó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n, ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan wà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Sobun, tí àwọn méjèèjì ti jọ ń ṣa ìgbín òkun láti kékeré. Sobun lóyún, ó sì wú. Ojú rẹ̀ kún, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò wọ bàtà rọ́bà mọ́. Gbogbo abúlé yọ̀, wọ́n ní ọmọkùnrin ńlá ní ń bọ̀. Wọ́n se elégédé fún un bí a ti máa ń ṣe kí ara lè fà, ó sì jẹ ẹ́. Okdan gbẹ̀bí rẹ̀ láìsí wàhálà. Ní ọjọ́ kẹta, Sobun sọ pé òun ń rí kòkòrò oníná ní ọ̀sán gangan. Kí wọ́n tó se oúnjẹ alẹ́, gìrì ti mú un, kò sì dìde mọ́. Àwọn àgbà ní afẹ́fẹ́ ni ó wọ inú egungun abiyamọ. Okdan béèrè afẹ́fẹ́ wo, nígbà tí ó jẹ́ pé òun fúnra òun ni ó fi ìwé dí gbogbo ihò ilẹ̀kùn. Wọ́n sọ fún un pé kí ó má bi Ọlọ́run léèrè. Kì í ṣe Ọlọ́run ni ó ń bi, àwọn ni, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó dáhùn. Ó gbé ìbéèrè náà sínú fún ọdún méjìdínlógún.

Ní ìgbà ìrúwé ọdún 1982, ìjọba rán nọ́ọ̀sì kan wá sí erékùṣù wa. Tak Hyesuk ni orúkọ rẹ̀. Kò tíì pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún, kò sì tíì lọ́kọ. Wọ́n fún un ní ilé kékeré kan ní etí èbúté, àwọn obìnrin sì ń dúró de ọjọ́ tí òun àti Ìyá Yongtae yóò fi ìjà pẹẹ́ta. Wọ́n dúró títí. Ní ọjọ́ kejì tí nọ́ọ̀sì dé, Ìyá Yongtae gbé abọ́ ìgbín òkun tí ó sè lọ bá a, ó jókòó sí ilẹ̀, ó na ìka sí àpótí kan tí ó ní ọ̀pá gíláàsì nínú, ó sì béèrè ohun tí ó jẹ́.

Nọ́ọ̀sì kò fi ọ̀rọ̀ dáhùn. Ó wé aṣọ àpótí náà mọ́ apá Ìyá Yongtae, ó ń tẹ bọ́ọ̀lù rọ́bà kékeré kan, omi wúwo tí ń dán bí fàdákà sì ń gun ọ̀pá gíláàsì náà lọ sókè. Ìyá Yongtae sọ pé ó fún òun bí ìgbà tí ìkókó bá di ìka ènìyàn mú. Ó béèrè ohun tí omi náà ń wá lọ sókè. Nọ́ọ̀sì wí fún un pé ẹ̀rọ ìfúnpá ni, pé ó ń wọn agbára tí ẹ̀jẹ̀ fi ń ti ara iṣan. Pé ti àwọn aláboyún mìíràn máa ń ga kọjá ààlà láìjẹ́ pé wọ́n mọ̀, àfi kí orí máa fọ́ wọn, tàbí kí iná wẹ́wẹ́ máa tàn lójú wọn. Pé bí a kò bá tètè rí i, gìrì ni yóò kẹ́yìn rẹ̀, nígbà mìíràn lẹ́yìn tí a ti bímọ tán.

Ìyá Yongtae tẹjú mọ́ ọn. Lẹ́yìn náà ni ó béèrè pé, “Lọ́sàn-án gangan, wọ́n lè máa rí iná náà?”

“Wọ́n lè máa rí i, Mà. Ṣé ẹ ti rí irú rẹ̀ rí ni?”

 Ìyá Yongtae tẹ orí ba títí omi ojú rẹ̀ fi kán sí orí aṣọ ẹ̀rọ náà, ó sì fi ọwọ́ nù ún kúrò kí ó má bà a jẹ́. Ohun tí ó sọ lẹ́yìn náà ni pé, “Kọ́ mi.”

Kò rọrùn láti kọ́ ọ. Etí òsì rẹ̀ kò gbọ́ràn dáadáa, kò lè fi rọ́bà tí wọ́n fi ń gbọ́ àyà gbọ́ ohun tí nọ́ọ̀sì ń gbọ́. Kò mọ nọ́ńbà ara gíláàsì. Nọ́ọ̀sì rò ó fún ọjọ́ díẹ̀, ó sì wí fún un pé bí etí kò bá ṣiṣẹ́, ìka ṣì wà. Ó kọ́ ọ pé kí ó fi ìka méjì sí ọrùn ọwọ́ obìnrin náà, níbi tí iṣan ti ń lù, kí ó máa tẹ bọ́ọ̀lù títí lílù náà yóò fi sọnù lábẹ́ ìka rẹ̀, kí ó wá máa tú afẹ́fẹ́ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kí ó sì wo ibi tí omi náà wà nígbà tí lílù bá padà. Lẹ́yìn náà ni ó fa òwú pupa kan yọ nínú àpò ìránṣọ rẹ̀, ó so ó mọ́ ara gíláàsì. Bí lílù bá padà nígbà tí omi ti sọ̀ kalẹ̀ kọjá òwú, ọkàn lè balẹ̀. Bí ó bá padà nígbà tí omi ṣì wà lókè òwú, kí ó sá wá pe òun.

Ọwọ́ tí ó ti fi ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n wá orí ọmọ nínú ikùn kò ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ kọ́ bí a ṣe ń gbọ́ pẹ̀lú ìka. Láàárín oṣù kan, kò sí apá tí ó bọ́ lọ́wọ́ Ìyá Yongtae. Ó wọn ti oníwàásù kí ó tó wàásù àti lẹ́yìn tí ó wàásù tán. Ó wọn ti ọkọ rẹ̀ kí wọ́n tó jà, nígbà tí ìjà parí ó tún wọn ọ́n, ó sì jẹ́wọ́ fún un pé òun mọ̀ọ́mọ̀ dá ìjà náà sílẹ̀ ni. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ọkọ rẹ̀ dé láti oko iyọ̀, ó bá a níbi tí ó ti ń gbìyànjú láti wé aṣọ náà mọ́ ẹsẹ̀ màlúù wọn.

Bàbá Yongtae ní, “Oṣù mélòó ni oyún màlúù yìí? Akọ ni mo rà.”

Ó ní òun fẹ́ mọ̀ bóyá ẹ̀jẹ̀ ẹranko ń ti ara iṣan bí ti ènìyàn. Màlúù náà kò jẹ́ kí ó mọ̀.

Báyìí ni ọdún kan àti ààbọ̀ ṣe kọjá, títí di ìgbà ìkórè ọdún 1983, nígbà tí Sunim, ìyàwó Gilho, bí àkọ́bí rẹ̀. Ìyá Yongtae ni ó gbẹ̀bí rẹ̀. Ó ti wọn ìfúnpá rẹ̀ ní oṣù keje, ó tún wọn ọ́n ní oṣù kẹjọ, abẹ́ òwú ni lílù ń padà sí. Ọmọkùnrin ni ó bí, ó sì bí i ní wẹ́rẹ́. Kí oòrùn tó mú, ìyá ọkọ rẹ̀, Ìyá Gilho, ti lọ́ pòròpórò ìrẹsì di okùn tí ó yí sí apá òsì, ó ti fi ata pupa, àmì ọmọkùnrin, àti èédú bọ̀ ọ́, ó sì ti ta á sí ẹnu ọ̀nà ọgbà. Láti ìgbà náà, ọjọ́ mọ́kànlélógún ni àlejò kankan kò ní fi kọjá lábẹ́ okùn náà, pàápàá jù lọ ẹni tí ó ti ilé òkú bọ̀. Àwọn ará ilé nìkan ni yóò máa wọlé, àti agbẹ̀bí tí ó gba ọmọ.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹrin, Ìyá Yongtae wá wẹ ọmọ. Ó rí i pé ojú Sunim ti kún. Elégédé ń hó lórí iná. Ìyá Gilho ní kò séwu, ara gbogbo abiyamọ ni í wú, elégédé yóò fà á. Nígbà tí ó jáde lọ bu omi, Sunim di aṣọ Ìyá Yongtae mú, ó sọ ọ́ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ pé orí ń fọ́ òun láti àná, àti pé nǹkan bí ọkà ìrẹsì tí ń tàn yòò ń já bọ́ níwájú òun, ṣùgbọ́n òun kò fẹ́ kí ìyá ọkọ òun máa rò pé ọ̀lẹ ni òun.

Ìyá Yongtae gbé ọmọ sílẹ̀ láìtíì wẹ̀ ẹ́ tán, ó sì sáré lọ sí etí èbúté. Àwọn tí ó rí i lọ́jọ́ náà ṣì ń sọ pé wọn kò mọ̀ pé ó lè sáré.

Òun àti nọ́ọ̀sì ni wọ́n jọ padà wá pẹ̀lú ẹ̀rọ àti àpò abẹ́rẹ́. Wọ́n bá Ìyá Gilho lábẹ́ okùn. Ó ti mọ ohun tí wọ́n bá wá, ó sì ti na ọwọ́ méjèèjì dí ẹnu ọ̀nà. Ó ní kí Ìyá Yongtae wọlé bí ó bá fẹ́, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ nọ́ọ̀sì kò ní wọ ibẹ̀. Ṣé kì í ṣe ilé òkú ni ó wà lánàá? Òótọ́ ni. Bàbá arúgbó kan kú ní ìsàlẹ̀ abúlé, nọ́ọ̀sì sì lọ tọ́jú ìyàwó rẹ̀ tí ó dákú. Nọ́ọ̀sì ń ṣàlàyé, ó ń bẹ̀bẹ̀, ohùn rẹ̀ sì ń ga. Bí ohùn rẹ̀ ṣe ń ga ni apá Ìyá Gilho ń le.

Kí ẹnikẹ́ni tó dá obìnrin yìí lẹ́bi, ó yẹ kí ó mọ̀ pé àkọ́bí tirẹ̀ kú ní ọjọ́ kẹsàn-án. Alágbàfọ̀ kan ni ó gba abẹ́ okùn wọlé ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà. Ọgbọ̀n ọdún ó lé ni ó fi gbà pé bí òun bá ti ṣọ́ okùn náà dáadáa, ọmọ náà ìbá wà láàyè. Ẹni tí ó ń dí ọ̀nà mọ́ nọ́ọ̀sì yìí, ìfẹ́ ni ó fi ń dí i.

Ìyá Yongtae mọ ìtàn náà, nítorí òun àti ìyá ọkọ rẹ̀ ni wọ́n wẹ òkú ọmọ ọ̀hún. Ó yí sí nọ́ọ̀sì, ó ní kí ó lọ fi tẹlifóònù sọ fún olórí abúlé kí ọkọ̀ ojú omi máa múra, kí ó sì padà wá dúró lẹ́yìn okùn. Òun nìkan gbé ẹ̀rọ wọlé.

Ó wé e mọ́ apá Sunim. Ó tẹ bọ́ọ̀lù títí lílù fi sọnù, ó ń tú afẹ́fẹ́ sílẹ̀. Omi kò tíì sún mọ́ òwú pupa rárá tí lílù ti padà, tí ó ń lu ìka rẹ̀ bí ẹni ń kan ilẹ̀kùn.

Ìyá Gilho tí ó dúró lẹ́yìn rẹ̀ ní, “Irọ́ ni ẹ̀rọ yẹn ń pa. Ohun tí ìjọba fi ń dẹ́rù ba ènìyàn ni.”

Ìyá Yongtae kò bá a jà. Ohun tí ó ṣe ni ohun tí ó ti ń ṣe sí gbogbo wa. Ó ní, “Ó lè jẹ́ irọ́ lóòótọ́. Ẹ jẹ́ ká wò ó bóyá yóò pa á fún ẹ̀yin náà. Ẹ na apá yín.”

“Èmi? Ṣé èmi ni mo bímọ ni?”

“Bí kì í bá ṣe ẹ̀yin ni ẹ bímọ, ẹ kò ní bẹ̀rù. Ẹ na apá.”

Ìyá Gilho na apá òsì, Ìyá Yongtae sì wé aṣọ ẹ̀rọ mọ́ ọn. Ó mú ìka obìnrin náà fúnra rẹ̀, ó gbé e lé ọrùn ọwọ́ òsì rẹ̀, ó sì ní kí ó sọ ìgbà tí lílù bá sọnù àti ìgbà tí ó bá padà. Ìyá Gilho ní ó ti lọ. Ó ń wo gíláàsì. Omi sọ̀ kalẹ̀ dé òwú, ó kọjá òwú, ó tún sọ̀ sí i. Ó wá ní ó ti padà, ẹnu sì ya òun fúnra rẹ̀ díẹ̀ pé òun lè mọ̀ ọ́n. Ìyá Yongtae tú aṣọ náà, ó tún wé e mọ́ apá Sunim, ó sì gbé ìka ìyá ọkọ lé ọrùn ọwọ́ ìyàwó.

Ilẹ̀ yàrá náà, tí iná ìdáná ń gba abẹ́ rẹ̀, gbóná lábẹ́ wọn. Ọmọ ń sùn. Omi gòkè lọ, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í bọ̀.

Ìyá Gilho ní, “Ó ti padà.” Ó wo òwú. “Ìyá Yongtae, ó ti padà, omi ṣì wà lókè lọ́hùn-ún.”

“Mo rí i.”

“Ó ń lù mí lọ́wọ́. Kí ló ń lù bẹ́ẹ̀ sí?”

“Ohun tí ó mú Sobun lọ ni. Okùn tí ẹ ta ń dènà ohun tí ń bọ̀ láti ìta, mà. Èyí ti wà nínú ilé kí ẹ tó ta okùn.”

Ìka Ìyá Gilho kò kúrò lọ́wọ́ ìyàwó ọmọ rẹ̀. Ọwọ́ Sunim ta lẹ́ẹ̀kan, ó tún ta. Nígbà náà ni Ìyá Gilho dìde, ó sì lọ sí ẹnu ọ̀nà. Kò tú okùn náà. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e sókè kọjá orí ara rẹ̀, ó sì dúró bẹ́ẹ̀, ata pupa ń mì lókè irun funfun rẹ̀, ó ní kí nọ́ọ̀sì fọ ọwọ́ fọ ẹsẹ̀ kí ó sì wọlé kíá, apá òun kì í ṣe igi.

Abẹ́rẹ́ ńlá méjì ni nọ́ọ̀sì gún, ọ̀kan sí ìdí ọ̀tún, ọ̀kan sí òsì, oògùn tí ń dá gìrì dúró. Lẹ́yìn rẹ̀ ó mú òòlù rọ́bà kékeré kan, ó ń fi kan orúnkún Sunim láti ìgbà dé ìgbà. Ìyá Yongtae, pẹ̀lú gbogbo ìpayà tí ó wà nínú yàrá náà, kò lè ṣàìbéèrè ohun tí orúnkún mọ̀ nípa orí. Nọ́ọ̀sì sọ fún un pé bí orúnkún kò bá ta mọ́, oògùn ti pọ̀ jù, èémí sì lè tẹ̀lé e. Ìyá Yongtae ní ó dára láti mọ bẹ́ẹ̀. Ó gba òòlù náà, òun ni ó sì ń kan orúnkún nínú ọkọ̀ ojú omi títí wọ́n fi dé èbúté ìlú ńlá ní òdìkejì òkun, tí nọ́ọ̀sì ń wọn ìfúnpá, tí Ìyá Gilho fi kùbùsù méjì bo Sunim kí afẹ́fẹ́ òkun má baà rí egungun rẹ̀. Gìrì kò mú un. Ọjọ́ mọ́kànlá ni ó lò ní ilé ìwòsàn, ó sì fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ nígbà tí ó padà. Ìyá Gilho kò tún ọjọ́ okùn náà kà láti ìbẹ̀rẹ̀. Lójú tirẹ̀, okùn kò já, òun kàn gbé e sókè díẹ̀ ni.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà rọlẹ̀, Ìyá Yongtae tún lọ jókòó sí ilẹ̀ ilé nọ́ọ̀sì. Ó fẹ́ mọ ìdí tí ẹ̀jẹ̀ Sunim fi dúró dé ẹ̀yìn ìbímọ kí ó tó ga sókè, nígbà tí ó wà lábẹ́ òwú ní oṣù keje àti ìkẹjọ. Nọ́ọ̀sì sọ òtítọ́ fún un pé àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n ní Seoul pàápàá kò tíì mọ̀ ọ́n tán.

Ojú rẹ̀ tàn. Ó ní, “Nítorí náà kì í ṣe èmi nìkan.”

Láti ọdún náà, kò sí ilé tí wọ́n ta okùn sí ní erékùṣù wa tí ẹ̀rọ ìfúnpá kò wọ̀ ní ẹ̀ẹ̀mẹta láàárín ọjọ́ mọ́kànlélógún. Ní ìbẹ̀rẹ̀ Ìyá Yongtae ni ó ń gbé e wọlé. Lẹ́yìn náà àwọn ìyá ọkọ bẹ̀rẹ̀ sí í gbé okùn sókè fún nọ́ọ̀sì, wọ́n sì ń fi bí apá wọn ṣe lágbára tó ṣe fáàrí. Àwọn agbẹ̀bí ilẹ̀ Íjíbítì tí wọ́n bẹ̀rù Ọlọ́run gba àwọn ọmọ là, Ọlọ́run sì kọ́ ilé fún wọn. Èyí tiwa gba àwọn ìyá là. Abiyamọ kan kò kú lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́ títí ó fi fi iṣẹ́ sílẹ̀. Lónìí, ojú rẹ̀ ti di bàìbàì, ilé Yongtae ni ó ń gbé, ó sì ṣì ń béèrè ìdí tí Olúwa fi jẹ́ kí òun rí ẹ̀rọ náà lẹ́yìn tí Sobun ti lọ. Ó ní òun kò bínú. Òun kàn fẹ́ mọ̀ ni, òun yóò sì bi Í nígbà tí àwọn bá ríra.

Kí Ẹni tí kì í kẹ́gàn ìbéèrè ọmọ Rẹ̀ gbà ọ́ pẹ̀lú ẹ̀rín ní ọjọ́ náà, Maeng Okdan, kí ọjọ́ náà sì jìnnà. Kí ó bùkún Yongtae tí ó bí àti ìyàwó tí ń fọ́ oúnjẹ rẹ sí wẹ́wẹ́. Kí àwọn ọmọ-ọmọ rẹ obìnrin lóyún ní ìrọ̀rùn, kí wọ́n bí ní àlàáfíà, kí wọ́n sì jí ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ọjọ́ kẹta àti ọjọ́ kọkànlélógún láti fún ọmọ wọn lọ́mú. Kí ayọ̀ má ṣe ṣàìjókòó nínú ilé rẹ láti ìran dé ìran. Àmín.